Abèèrè-Ọ̀nà Kì í Ṣìnà, Àmọ́ Ó Lè Pẹ́ Lọ́nà

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí bí orúkọ ṣe ń rí ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì

   

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé Èkó ní 1935, inú àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ló ti ń sọ̀rọ̀, àwọn bàbá wa sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, kò gba èsì lẹ́nu wa. Íntánẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí yàtọ̀ sí i. Ìbéèrè àti èsì ni tirẹ̀ látòkèdélẹ̀. Kí fóònù yín tó fi àwòrán kan hàn yín, ó ti bèèrè, wọ́n sì ti dá a lóhùn lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn àgbà ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tí kò ṣìnà lè pẹ́ lọ́nà, bí ẹni tó ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá wà lókèèrè, tàbí tó bá jẹ́ ẹni tí kì í tètè dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí kò jù báyìí lọ: lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá pariwo pé nẹ́tíwọ̀kì ń fà, ọ̀nà dára, ẹni tí à ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò tètè fọhùn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá, ó sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ó ń wá ilé ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ta àdìrẹ. Kò mọ nọ́ńbà ilé, orúkọ nìkan ló mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé ìyá aládìrẹ báyìí-báyìí ni mò ń wá." Bàbá ní, "Ọmọ mi, n ò mọ ilé yẹn. Ṣùgbọ́n tí o bá dé Ẹnu Ọ̀wá, bi àwọn ará ibẹ̀, àwọn ló mọ agboolé tó wà ládùúgbò wọn." Ó dé Ẹnu Ọ̀wá, wọ́n ní, "A mọ agboolé náà. Yà sí òpópó kejì, kí o bi ẹni tó bá wà lẹ́nu géètì." Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ló wá fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀kùn: "Òun nìyẹn." Ẹni mẹ́ta ló bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ kò mọ ilé, ó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni kẹta ló ní ìdáhùn lọ́wọ́.

Bí fóònù yín àti kọ̀ǹpútà yín ṣe ń wá ọ̀nà nìyẹn. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn, bíi 192.0.2.25. Ta ni nínú wa tó lè há irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí fún gbogbo ibi tó ń lọ? Orúkọ la mọ̀. Nítorí náà, wọ́n ṣe ètò kan tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, DNS ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú orúkọ ìjọba ìpínlẹ̀ wa, lagosstate.gov.ng. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀rọ ti ń kà á, bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ìlú wọ àdúgbò, tó ti àdúgbò wọ agboolé. Ó kọ́kọ́ bi àwọn sáfà gbòǹgbò, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lókè pátápátá nínú ètò náà, pé, "Ta ló mọ ng?" Wọ́n ní, "Àwọn báyìí ló ń tọ́jú orúkọ Nàìjíríà." Ó lọ bi àwọn yẹn nípa gov.ng. Ibẹ̀ ni wọ́n ti júwe ẹni tó mọ lagosstate fún un, ẹni yẹn ló sì fún un ní nọ́ńbà.

Fóònù yín kọ́ ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin gbogbo ìrìn yìí. Atọ́nà kan wà tó ń bá a rìn ín. Bí ẹ bá ra dátà, ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún yín ti yan atọ́nà fún yín. Bí ẹ bá wà ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì ló yàn án. Atọ́nà tó dára máa ń rántí. Bí ó bá ti bèèrè ilé kan lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìdáhùn pamọ́, bí ẹlòmíràn bá sì dé pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, kò tún rìn mọ́, ojú ẹsẹ̀ ló dáhùn.

Báwo ni ètò yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí 1983 tó dé, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ wà nínú rẹ̀. Arábìnrin Elizabeth Feinler àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Stanford Research Institute, ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ̀kì ìgbà náà ló ń da ìwé yẹn kọ. Nígbà tí ẹ̀rọ kò pọ̀, ó rọrùn. Nígbà tí wọ́n pọ̀, ìwé wúwo, àdàkọ sì ń di ti àná kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1983, Paul Mockapetris gbé ètò tuntun jáde. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ náà ni ibùdó ìwádìí University of Southern California, ní ìlú kan létí òkun tí orúkọ rẹ̀ jọ ti Marina wa ní Èkó: Marina del Rey. Ohun tó ṣe ni pé ó pín ìmọ̀. Kí oníkálukú máa tọ́jú orúkọ ilé tirẹ̀, kí ẹni tó wà lókè mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lójú ará Ìsàlẹ̀ Èkó, èyí kì í ṣe tuntun. Ìgbà wo ni ìwé kan ṣoṣo tíì kó orúkọ gbogbo agboolé wa pọ̀ rí? Àwọn ìgá, ìyẹn ààfin àwọn ìjòyè, ló mọ ìdílé tó wà lábẹ́ wọn, Ìgá Ìdúngànran, ààfin ọba, sì mọ àwọn ìgá.

Ní 1995 ni wọ́n fún Nàìjíríà ní orúkọ tirẹ̀, .ng. Arábìnrin Ibukun Odusote ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alákòóso rẹ̀, nígbà tó wà ní Yaba College of Technology, ní Yábàá tiwa níbí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ NiRA sílẹ̀ ní 2005, àwọn ló sì ń bójú tó .ng títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun kọ́kọ́ so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tí ìròyìn ìjọba fi ń lọ tó ń bọ̀. Okùn MainOne tó dé ní 2010 gùn tó 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọtogí wá sí Èkó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń sáré nínú okùn gíláàsì tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ ìbéèrè kan sí Pọtogí á gba ìdá 70 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kò sì sí owó tó lè mú kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta á gba ìdá 210. Ojú ìwé kan ṣoṣo sì lè ní orúkọ ogún nínú: ti àwòrán, ti ìpolówó, ti ìsanwó. Ẹ wá fi èyí wé atọ́nà tó wà ní Èkó níbí, tó lè dáhùn láàárín ìdá márùn-ún péré. Bí ẹni tó wà ní Ẹ̀búté Ẹrò bá ń wá Ìdúmọ̀tà, ṣé Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó fi ìwé ránṣẹ́ sí kó tó mọ̀nà?

Bó sì ṣe rí fún wa nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ìbéèrè nìkan. Lẹ́tà tí ọ́fíìsì kan ní Marina bá fi kọ̀ǹpútà kọ sí ọ́fíìsì kan ní Broad Street lè gba ìlú Òyìnbó kọjá kó tó padà wá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, ìkóríta tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé, kí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà lè dúró sí Nàìjíríà. Àwọn sáfà gbòǹgbò tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ 13 ni wọ́n ń jẹ́, láti A dé M, ṣùgbọ́n ẹ̀dà wọn tó wà káàkiri ayé ju 1,000 lọ, àwọn kan sì wà ní Èkó. Ìdáhùn ti súnmọ́ wa. Ó kù ká bèèrè níbi tó wà.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọ́fíìsì kan létí Marina ránṣẹ́ pè mí. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó tó 400: ráútà, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ti àwọn ẹ̀ka wọn. Wọ́n sì ní ètò alábòójútó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ọlọ́dẹ àdúgbò. Yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò wò ó bóyá ẹni inú ilé wà láàyè, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣòro wọn ni pé ọlọ́dẹ yìí kì í tètè yíká. Bí ẹ̀rọ kan bá kú ní aago mẹ́sàn-án, ó lè di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó lé kí wọ́n tó gbọ́. Àwọn oníbàárà ti ń pariwo kí àwọn tó ni ẹ̀rọ tó mọ̀. Wọ́n ti ń gbèrò láti náwó sí dátà tó pọ̀ sí i.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo ń wo ìrìn rẹ̀. Mo rí i pé kíkan ilẹ̀kùn kì í pẹ́ rárá. Orúkọ ló ń pẹ́. Ọlọ́dẹ ní nọ́ńbà ilé lọ́wọ́, ó wá fẹ́ mọ orúkọ onílé, nítorí náà ó ń bèèrè lọ́wọ́ atọ́nà ní gbogbo ojúlé. Atọ́nà méjì ni wọ́n kọ fún un. Èyí tó wà lókè ìwé ti kú tipẹ́. Wọ́n ti yọ sáfà yẹn kúrò nílé, wọ́n gbàgbé láti yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó gbà pé atọ́nà kan kò ní dáhùn, tí wọ́n á sì lọ bá èkejì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú mi: ojúlé 400, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, 2,000 ìṣẹ́jú àáyá ni. Ìyẹn ju ìṣẹ́jú 33 lọ, tí ọlọ́dẹ fi dúró níwájú ẹni tó ti kú, tó ń retí èsì.

Ohun márùn-ún la ṣe. A yọ atọ́nà tó ti kú kúrò nínú ìwé. A gbé atọ́nà tuntun sínú ilé wọn gan-an, èyí tó ń rántí ohun tó bá ti bèèrè. A kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀, orúkọ sí nọ́ńbà, nọ́ńbà sí orúkọ, kí ìbéèrè nípa ilé tiwọn má ṣe jáde kúrò nílé mọ́. A sọ fún ètò alábòójútó kí ó máa bèèrè ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má máa dúró gba èsì ọ̀kan kó tó bi òmíràn. Ìkarùn-ún, a kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó ṣe kókó jù sínú ìwé kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà alábòójútó fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́dẹ tún jáde, kò lo ìṣẹ́jú kan tó fi yíká. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì ń bi ara wọn pé kí ló dé tí íntánẹ́ẹ̀tì yá lónìí. A kò ra dátà kankan kún dátà wọn.

Ìkarùn-ún yẹn, ìwé kékeré, àwọn kan máa ń rò pé kò wúlò. Ẹ rántí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé, gbogbo ẹni tó ń fi WhatsApp tajà sì káwọ́ gbera. Àṣìṣe iṣẹ́ kan ló já nẹ́tíwọ̀kì àárín ilé wọn, àwọn sáfà orúkọ wọn sì pòórá lójú ayé. Ohun tó dá wọn dúró pẹ́ ni pé àwọn irinṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà wọn fi ń tún nǹkan ṣe, àwọn sáfà orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n gbójú lé. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn, kí alábòójútó nẹ́tíwọ̀kì ní Èkó má gbójú lé atọ́nà kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ kejì dé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ àwọn báńkì wa dẹnu kọlẹ̀, àwọn oní-POS ń sọ fún oníbàárà pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Bí sáfà yín bá wà ní Èkó, tí oníbàárà yín wà ní Èkó, ṣùgbọ́n tó jẹ́ òkè òkun nìkan ni ẹni tó mọ orúkọ sáfà náà wà, lọ́jọ́ tí okùn bá já, ẹ̀yin méjèèjì á wà nínú ìlú kan náà, ẹ kò ní rí ara yín. Ó kéré tán, kí ẹni kan tó mọ orúkọ yín máa gbé ní Èkó.

Mo ní kí atọ́nà máa rántí. Ìrántí náà ní gbèdéke; ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó rí kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀. Ní 1955, ìgbìmọ̀ LEDB tó ń tún ìlú Èkó ṣe, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ń jà ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn erékùṣù Èkó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ẹni tó bá ti ìlú òkè dé lẹ́yìn náà, tó fi ìjúwe àtijọ́ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ògiri tó wó ló máa bá. Ìjúwe rẹ̀ ti kọjá gbèdéke. Lórí DNS, ẹni tó ni orúkọ ló ń sọ iye àkókò tí ìdáhùn rẹ̀ máa fi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá sọ pé 300 ìṣẹ́jú àáyá, atọ́nà á padà wá bèèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá sọ pé 86,400, ọjọ́ kan gbáko ni. Èyí tó kúrú jù á sọ ìbéèrè di púpọ̀, á sì fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Èyí tó gùn jù á mú kí àwọn ènìyàn máa lọ sí ilé tí ẹ ti kó kúrò níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n á jẹ́ kó gùn nígbà tí nǹkan bá dúró sójú kan. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì kí ó kó sáfà rẹ̀ lọ síbòmíràn, á dín in kù. Bí ó bá ti fìdí kalẹ̀ tán, á dá a padà.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ẹ má ṣe bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbájúẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ yá. Ẹni tó bá rí àyè yí nọ́ńbà atọ́nà padà nínú ráútà yín lè júwe ilé ayédèrú fún yín, kí ẹ tẹ orúkọ báńkì yín, kí ẹ bọ́ sọ́wọ́ olè. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá ráútà yín dé láti ilé iṣẹ́ padà. Bí ẹ bá fẹ́ yan atọ́nà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fún yín, kí ó jẹ́ èyí tí gbogbo ayé mọ̀, bíi 8.8.8.8 ti Google tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nílé, bí ẹ ṣe máa dá àìsàn yìí mọ̀ nìyí. Bí ìkànnì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ bá kọ̀ láti ṣí, ẹ fi kọ̀ǹpútà pe 8.8.8.8 pẹ̀lú àṣẹ ping. Bí nọ́ńbà yẹn bá dáhùn, tí orúkọ ìkànnì kò sì dáhùn, ọ̀nà wà, atọ́nà ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ pa ráútà, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá lọ, ẹ pe àwọn tó ta dátà fún yín, kí ẹ sọ fún wọn pé DNS wọn ni kò dáhùn. Wọn yóò mọ̀ pé ẹni tó mọ ohun tó ń sọ ló pè wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwé, ní ọsibítù, láti Ọ̀balẹ́ńdé dé Ìdúmàgbò, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ gidigidi. Kí ẹ tó sọ fún ọ̀gá yín pé kí ó ra dátà kún dátà, ẹ ṣí ìwé tí orúkọ atọ́nà wà nínú rẹ̀. Ẹ bi ẹni àkọ́kọ́ ní ìbéèrè kan, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ yọ ọ́ lónìí. Bí ó bá ń gbé lókèèrè, ẹ wá èyí tó ń gbé nítòsí. Owó kò wọ̀ ọ́, gbogbo ilé ló sì máa jàǹfààní rẹ̀.